Ìbéèrè Yín Lórí Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Nígbà Tí Faransé Bá Ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì Dé Ọwọ́

Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, ni àwọn lẹ́tà tó wọlé sí ojú ewé yìí lóṣù yìí ti wá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tó ń ra ọjà ní Èkó, ẹni tó ń múra ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti ẹni tó ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ní Gánà, gbogbo wọn ló ń béèrè ìdí tí lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í dúró síbi tí a bá fi í sí. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé àwọn kan kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà wọ́n: àṣìṣe tí ọmọ Àjàṣẹ́ ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èyí tí ọmọ Abẹ́òkúta ń ṣe. Ọmọ Abẹ́òkúta ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn ará ilé àti olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó mú gègé láti kọ ọ́. Àwa ti kọ Faransé fún ọdún púpọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ọwọ́ wa sì ti mọ ọ̀nà kan kí ojú wa tó rí èkejì. Ìdí nìyí tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi lè kìlọ̀ fún wa dáadáa. Ó ń kìlọ̀ nípa àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Mo ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó, Èkó ni mo sì ti ń ra púpọ̀ nínú ọjà mi. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí obìnrin tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ “adress” àti “receit” sínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dá a padà fún mi, ó ti tún méjèèjì kọ. Ojú tì mí, nítorí mo ka ìwé dé BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì yege. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, kí ni mo sì lè ṣe tí n kò fi ní ṣe é mọ́? — Ìyá aláṣọ, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ọjà á tà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, nítorí “adress” tí ẹ kọ kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ̀wé. Ìwé tí ẹ mọ̀ gan-an ló fa á. Faransé ń kọ “adresse” pẹ̀lú d kan àti s méjì. Ẹ yọ e ìparí rẹ̀ kúrò, ó sì jọ pé ó ti di Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé láti inú Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, d kan ló sì ní nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn Látìn rí i pé “ad” ti Látìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ d náà di méjì kí ó lè jọ ti àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìbejì méjì ló wà nínú “address” báyìí, d méjì àti s méjì. Ẹ kà wọ́n bí ẹni ń ka Táíwò àti Kẹ́hìndé nígbàkúùgbà tí ẹ bá kọ ọ́.

“Receipt” ní ìtàn tó jọ ìyẹn. P inú rẹ̀ kò ní ohùn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó. Láti inú “recepta” ti Látìn ni wọ́n ti rántí rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sínú ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún “debt”, èyí tí í ṣe gbèsè. Faransé ń kọ “dette”, kò sì sí b níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Látìn ní “debitum”, wọ́n ki b bọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá dùn mí fún àwọn oníṣòwò wa pé ìwé ẹ̀rí owó àti gbèsè, ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kò lè ṣe kí wọ́n má kọ, ni wọ́n fi lẹ́tà tí kò fọhùn sí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé, nígbà tí mo bá ń kọ wọ́n, mo máa ń pe lẹ́tà náà nínú ọkàn mi bí ẹni pé ó ní ohùn, mo sì máa ń jẹ́ kí ó dákẹ́ nígbà tí mo bá ń fi ẹnu sọ ọ́.

Nípa ti lẹ́tà tó ń di méjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Faransé fi lẹ́tà kan kọ, tí Gẹ̀ẹ́sì fi méjì kọ: “mariage” di “marriage”, “bagage” di “baggage”, “agressif” di “aggressive”, “coton” tí ẹ̀yin aláṣọ ń kọ lójoojúmọ́ sì di “cotton”. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé Faransé ló fi méjì kọ, tí Gẹ̀ẹ́sì sì fi kan: “appartement” di “apartment”, “ennemi” di “enemy”, “littérature” di “literature”, “développement” di “development”, “environnement” sì di “environment”. “Carotte” tilẹ̀ ṣe èyí tó yàtọ̀, torí t ni Faransé sọ di méjì nínú rẹ̀, r sì ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di méjì nínú “carrot”. Kò sí òfin kan tó kó gbogbo wọn já, ẹni tó bá sì ní òfin kan wà ń tan yín ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa fi sínú àpò owó yín, ẹ kọ ti Faransé sí apá òsì àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà tó yàtọ̀ nìkan. Ogún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò nínú òwò yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó lè mú inú yín dùn kún un. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré máa ń kọ “accomodation” pẹ̀lú m kan, mo sì ti rí i bẹ́ẹ̀ lára pátákó ilé ìtura ní ìhà kejì ààlà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá mọ “accommoder” ní Faransé kò ní ṣe àṣìṣe yẹn, torí c méjì àti m méjì ló wà nínú èdè méjèèjì.

Ìbéèrè: Mo wà ní kíláàsì kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu. Olùkọ́ wa máa ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ “its” àti “it's” tí mo bá kọ, àti “their” àti “there”. Mo há wọn sórí, ṣùgbọ́n tí ìdánwò bá dé, wọ́n á tún dàrú mọ́ mi lójú. — Akẹ́kọ̀ọ́, Kétu.

Ìdáhùn: Ọmọ wa, o ti borí wàhálà yìí rí nínú èdè mìíràn, bóyá o kò kàn fura ni. Rántí ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ láàrin “c'est” àti “ses”. Àmì kékeré tó wà lókè nínú “c'est” dúró fún lẹ́tà tí a gbé mì: “ce” pàdé “est”, e tó wà nínú “ce” bọ́ sílẹ̀, àmì náà sì jókòó sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “it's” rí. “It” pàdé “is”, tàbí “has” nígbà mìíràn, lẹ́tà kan tàbí méjì bọ́ sílẹ̀, àmì náà sì gba àyè wọn. Ní ti “ses”, ohun tó jẹ́ ti ẹnìkan ló ń sọ, kò sì gbé lẹ́tà kankan mì, nítorí náà kò ní àmì. “Its” náà ń sọ ohun tó jẹ́ ti nǹkan kan, òun náà kò sì ní àmì. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀ nínú ìdánwò, bi ara rẹ léèrè bóyá “c'est” tàbí “il est” ni ìbá jẹ́ ní Faransé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fi àmì náà sí i. Bí ó bá jẹ́ “son”, “sa” tàbí “ses”, má fi í sí i.

Àwọn bàbá wa náà lo àmì yìí nínú Yorùbá. Ṣí ìwé orin àtijọ́ tó bá wà nílé yín, o ó rí “l'ọ́run” àti “n'ílé”, níbi tí fáwẹ̀lì inú “ní” ti bọ́ sílẹ̀. Lónìí a ti ń kọ wọ́n pọ̀ ní “lọ́run” àti “nílé”, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ṣe kò yí padà. Bí o bá ti mọ̀ pé ẹnu Yorùbá náà ń gbé lẹ́tà mì, “they're” kò ní jẹ́ àjèjì sí ọ mọ́: “they are” ni, a ti gbé mì. “You're” náà rí bẹ́ẹ̀, “who's” pẹ̀lú.

“Their” àti “there” ló kù. Wo inú “there” dáadáa, o ó rí “here”, èyí tí í ṣe “níbí”. Ọ̀rọ̀ ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ ibi kejì. Wo inú “their”, o ó rí “heir”, èyí tí í ṣe àrólé, ẹni tí ohun-ìní tọ́ sí. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ìlú Aláàkétu kò ní gbàgbé àrólé.

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan ní Gánà tó ń ra kajú, èmi ni mo sì kọ ọ́. Mo kọ báyìí pé: “I demand you to send me the price. Actually I assist at all the meetings of our association. We can eventually sell to you.” Ẹni tó fèsì béèrè bóyá a ń bínú ni, ó sì tún kọ ọ́ pé inú òun dùn pé a ti gbà láti ta kajú fún òun, bẹ́ẹ̀ a kò tíì gbà rárá. Mo wo gbogbo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kò sì sí èyí tí n kò fi lẹ́tà tó tọ́ kọ. Níbo ni mo ti ṣìnà? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́.

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni, ọ̀gá akọ̀wé, kò sí lẹ́tà kan tí kò dúró sí àyè rẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ. Ìtumọ̀ ni ó ṣìnà, lẹ́tà yín ló sì wúwo jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo gbà, nítorí àṣìṣe tí ìyá aláṣọ ṣe ń ti èèyàn lójú ni, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ṣe lè ná ẹgbẹ́ yín lówó.

Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Demander” ní Faransé jẹ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó lè jẹ́ bi, ó lè jẹ́ tọrọ, ó lè jẹ́ béèrè. “Demand” ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹni tó wá gba gbèsè tó ti pẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kò sì fẹ́ jókòó. Abájọ tí ará Gánà náà fi rò pé ẹ ń bínú. “Assister à” ní Faransé ni kí èèyàn pésẹ̀ sí ibi kan, ṣùgbọ́n “assist” ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a ran ẹnìkan lọ́wọ́; “attend” ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. “Actuellement” ni lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, nígbà tí “actually” ń sọ pé ní tòótọ́, pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ tún èrò ẹlòmíràn ṣe. Èyí tó léwu jù ni ìkẹyìn. “Éventuellement” ń sọ pé bóyá, bí ó bá ṣeé ṣe, bí àyè bá yọ. “Eventually” ń sọ pé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ẹ̀yin kọ “bóyá a lè tà á fún yín”, òun sì ka “a ó tà á fún yín nígbà tó bá yá”. Ẹ kọ̀wé mìíràn sí i kíákíá, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé ẹ kò tíì ṣe ìpinnu kankan. Ohun tí ẹ ìbá kọ nìyí: “Could you please send me the price? At present I attend all the meetings of our association. We may be able to sell to you.”

Ìdí tí ojú àwọn ọ̀rọ̀ yìí fi jọra tí inú wọn sì yàtọ̀ ni pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ní 1066 àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tí wọ́n ń sọ sì di èdè ààfin àti ti àwọn adájọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àìmọye ọ̀rọ̀ ló tẹ̀lé wọn dé, wọ́n jókòó, wọ́n sì dàgbà ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn. Ó dà bí ọmọ agbolé kan náà tí ààlà pín sí Kétu àti Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n jọ ní oríkì kan, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan ń gba owó sẹ́fà tí èkejì sì ń gba náírà. Ẹ kò ní gba sẹ́fà lọ́wọ́ ará Ìmẹ̀kọ nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n yín.

Mo fi àwọn mìíràn tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò bá pàdé kún un. “Prévenir” ni kí a sọ nǹkan fún èèyàn ṣáájú, ṣùgbọ́n “prevent” ni kí a dí i lọ́nà. Ẹni tó bá kọ pé “I want to prevent you” sí oníbàárà ti di ọ̀tá rẹ̀ lójú ìwé. “Formation” tó wà lára ìwé ẹ̀rí wa ní Faransé ni “training” ní Gẹ̀ẹ́sì. “Location” ní Faransé jẹ mọ́ yíyá ilé tàbí ọkọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì ó kàn jẹ́ ibi tí nǹkan wà ni. “Librairie” jẹ́ ilé ìtàwé, “library” sì jẹ́ ilé ìkàwé, níbi tí wọn kò ti ní ta ìwé fún yín. Òṣìṣẹ́ ni “personnel” ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jẹ́ ti ara ẹni sì ni “personal”, bẹ́ẹ̀ Faransé fi “personnel” kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tí wọ́n pè ní “sensible” ní Faransé ni ẹni tí nǹkan tètè máa ń dùn. Tí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, olóye ni wọ́n pè yín, ẹ dúpẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo ń múra sílẹ̀ fún bac, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Àjàṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún wa pé Faransé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Ṣé kò sí ọ̀nà tí Faransé fi lè ràn wá lọ́wọ́ ni? — Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn: Ó wà, àbúrò mi, inú mi sì dùn pé o béèrè. Ní ayé àtijọ́, Faransé ń pe s níwájú kọ́nsónáǹtì. Nígbà tó yá, ẹnu wọn jù ú nù, wọ́n sì fi àmì tó dà bí fìlà sórí fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ láti fi rántí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà kí s tó bọ́, ó sì fi í pamọ́ títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí fìlà yẹn, wá s lọ sí Gẹ̀ẹ́sì: “hôpital” ni “hospital”, “forêt” ni “forest”, “côte” ni “coast”, “bête” ni “beast”, “fête” ni “feast”, “intérêt” ni “interest”, “honnête” ni “honest”. É tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà máa ń fi s pamọ́. “École” ni “school”, “étudiant” ni “student”, “état” ni “state”, “épice” ni “spice”, “éponge” ni “sponge”. Kì í ṣe gbogbo fìlà ló bo s mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó bo ó pọ̀ tó láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣọ́ra fún “étranger” nìkan: ìdílé “stranger” ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n “stranger” ni ẹni tí o kò mọ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ará àdúgbò rẹ, “foreigner” ni ará ilẹ̀ òkèèrè.

Níwọ̀n bí o ti ń lọ sí ìdánwò, mo fẹ́ kí o mọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rí i pé a ń kọ ní àkọtì lọ́dọọdún. Nígbà tí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ bá dé, tí a bá ń rántí òmìnira tí orílẹ̀-èdè wa gbà ní 1960, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń kọ “independance” sí orí fóònù wọn, nítorí “indépendance” ti Faransé ní a. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní a kankan. E mẹ́rin ló wà nínú “independence”, kò sì sí fáwẹ̀lì mìíràn níbẹ̀ àfi i tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Correspondence” náà kò ní a. “Responsable” di “responsible”, “exemple” sì gba a tirẹ̀, ó di “example”. “Langage” gba u kan sí àárín, ó di “language”.

Ìbéèrè: Mo ń tún fóònù ṣe ní Àjàṣẹ́, àwọn ará Nàìjíríà sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Mo kọ ọ́ sí ọ̀kan nínú wọn pé “I leave in Porto-Novo”, ó sì bi mí pé ìgbà wo ni mo ń lọ. Mo tún kọ pé “the screw is lose”. Bákan náà, fóònù mi máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ “colour” bí ẹni pé mo ṣẹ̀. Mo sì ní ọmọ ọdún méje kan tó ń bi mí pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ ohun tó ń sọ, bí Yorùbá ti ń ṣe. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. — Alátùn-únṣe fóònù, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò, “leave” tí o kọ kì í ṣe ti Faransé mọ́, etí Yorùbá ló fà á. I kan ṣoṣo ni Yorùbá ní, Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì, èyí tó kúrú àti èyí tó gùn. “Live” kúrú, òun ni ń gbé. “Leave” gùn, òun ni kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni “ship” àti “sheep”, ọkọ̀ ojú omi àti àgùntàn. Etí kan náà ló ń mú wa kọ “tree” níbi tí ó yẹ kí a kọ “three”. Ní ti ìdè tó tú, “loose” ni. Àyè wà nínú nǹkan tó tú, ìdí nìyẹn tí o méjì fi rí ibi jókòó. “Lose” ni pàdánù, òun fúnra rẹ̀ sì ti pàdánù o kan. 

Fóònù rẹ kò lẹ́jọ́, ìwọ náà kò sì lẹ́jọ́. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Noah Webster, tó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀ jáde ní 1828, ló sọ “color” àti “center” di ìkọ̀wé tó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Gánà àti Nàìjíríà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìwé ń kọ́ni, èyí sì rọrùn fún wa jù, torí ó sún mọ́ Faransé: “centre”, “théâtre” àti “theatre”, “programme”, “chèque” àti “cheque”. Lọ sí ibi tí a ti ń yan èdè nínú fóònù náà, kí o sì mú Gẹ̀ẹ́sì ti United Kingdom.

Ìbéèrè ọmọ rẹ ló gbà mí ní ọkàn jù. Sọ fún un pé nígbà kan, Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ń pe k inú “knife” àti “knee”, wọ́n sì ń fi ọ̀fun pe gh inú “night”. Ní 1476 William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Westminster, ìkọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan díẹ̀díẹ̀. Láàárín àkókò yẹn gan-an ni ìró fáwẹ̀lì gígùn ń yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ohun tí wọ́n ń kọ àti ohun tí wọ́n ń sọ ti jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí “though”, “through”, “tough”, “cough” àti “bough” fi ní lẹ́tà mẹ́rin kan náà ní ìparí, tí kò sì sí méjì tó dún bákan náà nínú wọn.

Ní ti Yorùbá, kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi etí gbọ́ ọ kí wọ́n tó yan lẹ́tà fún un. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìpàdé kan ní Èkó ní 1875 sì fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé múlẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, ábídí àwọn èdè ìbílẹ̀ ti 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990, fi ɛ sí ipò ẹ àti ɔ sí ipò ọ, ó sì ń kọ sh dípò ṣ àti kp dípò p. Nínú ìwé ìròyìn yìí a ń lo àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí ìhà méjèèjì ààlà ni àwọn òǹkàwé wa wà, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ọmọ rẹ bá lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni a fi ń kọ ìró kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo.

Nítorí náà, jẹ́ kí ó fi etí kọ Yorùbá, kí ó sì fi ojú kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sórí ìwé fún un, jẹ́ kí ó wò ó dáadáa, fi ọwọ́ bò ó, jẹ́ kí ó kọ ọ́ láti inú orí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i wò pọ̀. Márùn-ún lálaalẹ́ ti tó. Bí ó bá kọ “nife”, má bá a wí. Fi k hàn án, kí o sì sọ fún un pé wọ́n ń pè é nígbà kan rí.